Òróró Orí Sitíárì

Òróró wà lára sitíárì náà nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Inú àpò ìrẹsì ni mo dì í sí lọ́dún tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Àjọwá, kí n tó gbéyàwó, kí n tó bímọ. Eruku ti sọ àpò náà di pupa. Aláǹtakùn ti ta sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kan rọ́bà sitíárì náà, ọwọ́ mi yọ̀. Mo gbé ìka mi sí imú. Òróró ólífì ni, ó tutù, àfi bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láti inú ìgò.

"Kí lẹ ń gbóòórùn lókè yẹn?" Sẹ̀gilọlá ìyàwó mi ló ń pariwo láti ìsàlẹ̀ àkàbà.

"Òróró Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òróró ọdún wo? Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ jàre, kí ẹ má baà ti ibẹ̀ jábọ́ lù mí."

Òun ló ní kí n gbé e. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà, Ìkàré la sì ń gbé, nítorí náà àárọ̀ àti ọ̀sán ni mo ń na ọ̀nà yẹn. Bí mo bá délé, mo máa jókòó bí àpò gàrí. Lọ́jọ́ kan ni ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Success, nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi, ohun kan wà tí ẹ máa ń ṣe tí ojú yín á máa dán. Sitíárì yẹn ńkọ́? A ti ní sólà báyìí. Ẹ lọ gbé e, kí ẹ tún rẹ́rìn-ín."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ọmọdé. Èèyàn yóò de sitíárì mọ́ etí tábìlì, yóò gbé bíréèkì àti tọ́túùlù sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wá máa wa ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí o bá wọ kòtò, sitíárì yóò gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Bí táyà bá fẹ́ yọ̀, apá rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, èmi àti Muhydeen ọ̀rẹ́ mi sáré lórí gbogbo ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ṣe sínú eré náà, títí ó fi sú wa. Ọ̀nà wọn dán bí àwo. A fẹ́ ọ̀nà tí ó mọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gun ọ̀kadà, a ya fọ́tò, a wọn kọ́nà, a sì ṣe ọ̀nà Ìkàré sí Ọ̀kà sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú igi máńgòrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àpáta ńlá tí wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí àgbà tí kò fẹ́ dìde.

Ti òróró náà wá ńkọ́? Ìjọ wa ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ yóò gbé e wá sí àgbàlá, kí wọ́n gbàdúrà sí i, kí wọ́n ta òróró sí sitíárì rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà á wá, àwọn onítírélà á wá. Màmá mi kò ní ọkọ̀. Lọ́dún tí mo ra sitíárì eré yìí, ó yọ ọ́ kúrò lára tábìlì mi, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e dání bí ọmọ ọwọ́, ó sì lọ tò sáàárín àwọn awakọ̀.

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà kan ní, "Màmá, ìyókù ọkọ̀ ńkọ́?"

"Sitíárì ni àbí kì í ṣe sitíárì?" ni Màmá dá a lóhùn. "Ẹni tó fún mi ní èyí á fún mi ní ìyókù."

Pásítọ̀ Zachariah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ìdérí ìgò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òróró sì dà ju bó ṣe fẹ́ lọ, ó ń ṣàn gba àárín ìka Màmá. Mo rántí àdúrà náà nítorí pé mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn akọrin, tí ìtìjú ń pa mí, tí mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: "Olúwa, ẹni tó bá jókòó sídìí èyí, jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa rí ohun tó wà lọ́nà kí ó tó dé ibẹ̀."

Àmín Màmá ló ròkè jù. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti sọ mí ní Dírẹ́bà Orí Tábìlì.

Mo mọ̀ pé òróró kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí kò tán nínú kólòbó opó. Nítorí náà, nígbà tí mo nu sitíárì náà tí ó tún rin, mi ò bẹ̀rù. Mo ní ẹ̀rí oore ni. Mo dè é mọ́ tábìlì nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá, oòrùn ọ̀sán ń wọlé, Màmá, tí ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo tan kọ̀ǹpútà. Mo di sitíárì mú.

Ọkọ̀ kan wà níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú eré yìí, ohun kan wà tí à ń pè ní òjìji. Bí o bá sáré dáadáa lónìí, ẹ̀rọ yóò pa ìrìn rẹ mọ́. Lọ́la yóò gbé ọkọ̀ kan tí ó rí bí èéfín síwájú rẹ, kí o lè máa lé ara rẹ. Ohun tí o ti ṣe rí ló ń tún ṣe, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun ni tèmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀dà ọ̀nà náà lọ́wọ́ Muhydeen ni. Mi ò tíì sáré ìje kankan lórí rẹ̀. Kò yẹ kí n ní òjìji.

Ọkọ̀ èéfín náà kò sì sáré. Ó ń lọ bí ẹni tó di ẹyin sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a kọjá Àkùngbá, tí a dé afárá kékeré kan, ó yà sí apá òsì, ó yẹ̀ fún nǹkan kan, ó padà sójú ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba àárín kọjá.

Òjò rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, lórí ọ̀nà gidi, nínú ọkọ̀ gidi, àgbàrá ti gbẹ́ etí afárá kékeré náà lọ. Kòtò kan là sílẹ̀ níbẹ̀ tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Ọwọ́ mi ti yí sitíárì sí òsì kí ojú mi tó rí i.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, òjìji dúró láàárín ọ̀nà, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró. Lọ́jọ́ kejì, níbẹ̀ gan-an, màlúù tú jáde láti inú igbó, wọ́n sì ń kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìwo wọn ń kan ara wọn. Mo ti dúró dè wọ́n kí èyí àkọ́kọ́ tó yọjú. Darandaran wọn wò mí bí ẹni tó rí iwin.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Mo ń sáré wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹni tó ń sáré lọ kó mánà. Mo ní Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Bóyá Òun ni. Títí di òní, mi ò lè sọ pé Òun kọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, kí n tó ṣíná sí ọkọ̀ láàárọ̀, mo máa ń gbé orí mi lé sitíárì, mo máa ń gbàdúrà. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo ṣíwọ́.

Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Success."

"Hùn."

"Ẹ ò gbàdúrà kí ẹ tó jáde láàárọ̀."

"Mo ti wo ọ̀nà lánàá."

Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. "Ẹ ti wo ọ̀nà," ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó dáa. Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ sá ẹ̀gẹ́."

Màmá bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kò rẹ́rìn-ín.

Mo ránṣẹ́ pe Muhydeen. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe nítòsí ọjà Ìkàré, kò sì sí ohun tó wà nínú eré yẹn tí kò mọ̀. Ó jókòó sídìí sitíárì, ó wa ọkọ̀ dé Ọ̀kà. Kò sí òjìji. Ọ̀nà náà ṣófo. Èmi náà jókòó, mo di sitíárì mú, òjìji bọ́ síwájú.

Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó tú inú rẹ̀ wò títí. "Níyì, kò sí òjìji kankan nínú ẹ̀rọ yìí. Mo ti wo gbogbo ibi tó lè wà. Òfo ni."

"Kí ló wá ń lọ níwájú mi?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Ṣebí ìwọ lò ń lọ sí ìṣọ́ òru." Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wò ó dáadáa. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje. Wo gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo wò ó. Bébà ìjọ wa wà níbẹ̀, àgbélébùú àti àdàbà, etí rẹ̀ kan sì ti ya níbi tí Success ọmọbìnrin mi ti fi èékánná bó o. Ọkọ̀ mi ni. Ọkọ̀ tí mo gbé síta lábẹ́ igi lọ́sàn-án yẹn.

"Ẹnìkan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà," ni Muhydeen wí. "Ó we gèlè funfun."

"Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ló ń tàn sí i."

"Bóyá." Ó yọ áńkáṣífù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un nù. "A'ùsù bílláhì," ó sọ ọ́ sínú. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Níyì, òjìji èèyàn kì í ṣáájú rẹ̀, àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀yìn wá."

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹ̀rí. Mo ní, ẹ rí i, Mùsùlùmí pàápàá jẹ́rìí pé ìmọ́lẹ̀ ni.

Oṣù yẹn ni àpéjọ àwọn ìyá ìjọ bọ́ sí, ní Òkè-Ọ̀kà. Màmá ni wọ́n yàn láti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ, èmi ni mo sì fẹ́ gbé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó láti wo ọ̀nà.

Òjìji lọ dáadáa. Ó kọjá Àkùngbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ọ̀kà. Kọ́nà kan wà níbẹ̀, lábẹ́ àpáta kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké. Àpáta Abuké ni èmi àti Muhydeen máa ń pè é. Nígbà tí òjìji dé ibẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró. Mo dúró tì í. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó parẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí èémí ṣe ń parẹ́ lójú dígí.

Mo tún ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró síbẹ̀. Ó tún parẹ́. Èmi nìkan ni mo gun òkè ìyókù dé Ọ̀kà, ariwo táyà mi sì ń dún bí ẹni tó ń ya aṣọ.

Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: tírélà. Kò sí ẹni tó ń na ọ̀nà òkè wa tí kò mọ ohun tí tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já lè ṣe. Mo rí i lójú inú mi, tó ń ya bọ̀ láti kọ́nà, tí ohun tó rù wó lé wa.

Mo lọ bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ jẹ́ ká má lọ lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Mo rí nǹkan."

"Lójú oorun?"

"Lójú ẹ̀rọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù ní itan rẹ̀. "Èyí tí mo gbé lọ síwájú Olúwa? A gbàdúrà kí o ríran, o ríran tán, o wá ní ká jókòó sílé? Níyì, ìtìjú ti mú mi tó lójú àwọn awakọ̀ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí n lọ jẹ́rìí tèmi. Bí o kò bá gbé mi, mo máa wọ ọkọ̀ èrò." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ra èjìká òsì rẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé ẹ̀gúsí pípa ló rẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ èrò náà yóò gba abẹ́ Àpáta Abuké. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀ Zachariah. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń fi ọwọ́ wá etí àga rẹ̀, ó ń gbọ́.

"Àdúrà mi nìyẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ojú ni mo bá ọ tọrọ. Mi ò bá ọ tọrọ òye. Mo rò nígbà náà pé àwọn méjèèjì jọ máa ń rìn ni."

"Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Ibi tí ọkọ̀ ti dúró, ṣé o rí ohun tó dá a dúró?"

"Rárá."

"O kò tíì rí nǹkan nìyẹn." Ó fara ti ẹ̀yìn àga. "Ẹranko kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tó rí áńgẹ́lì lójú ọ̀nà kí olówó rẹ̀ tó rí i. Ẹranko yẹn ni gbogbo wa máa ń yìn bí a bá ń wàásù. Ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ ni mo ń rò nísinsìnyí. Ọ̀nà nìkan ló ń wò. Kò wo ohun tó gbé e."

Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, mo jáde. Ọ̀rọ̀ arúgbó ni mo kà á sí. Mo ti pinnu ohun tí n óò ṣe: bí òjìji bá dúró, èmi náà yóò dúró. N óò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lábẹ́ àpáta, n óò jẹ́ kí tírélà ikú náà kọjá, a óò sì máa lọ ní àlàáfíà.

Màmá jáde láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ àrán rẹ̀ àti gèlè funfun tí wọ́n fi ń lọ síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ má bi mí bóyá mo rántí ohun tí Muhydeen sọ. Mi ò rántí. Ọ̀nà ni mo ń rò. Ìyá Ezekiel àti Màmá Ọdúnayọ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ láàárín wọn.

"Dírẹ́bà Orí Tábìlì!" Ìyá Ezekiel kí mi. "Ṣé o mọ̀ pé orí ilẹ̀ la wà lónìí? Bí èyí bá gbókìtì, a ò lè pa á ká tún un tàn o."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ìyókù ọkọ̀ tí mo ní Ọlọ́run á fún mi ni ẹ jókòó sí yìí."

Wọ́n kọrin títí a fi kọjá Àkùngbá. Lẹ́yìn náà mo ṣàkíyèsí pé ohùn méjì ló ṣẹ́kù nínú orin náà.

"Níyì," Màmá pè mí jẹ́jẹ́, "ṣí fèrèsé yìí sí i. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ wúwo."

Mo na ọwọ́, mo tẹ bọ́tìnì fèrèsé náà, ó sì wálẹ̀. Ojú mi kò kúrò lọ́nà. Àpáta Abuké ti yọ.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo dúró. Mo pa ọkọ̀.

"Kí ló ṣe é?" Màmá Ọdúnayọ̀ bi mí láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Màmá mi ní, "Má dúró, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa lọ."

"Díẹ̀ báyìí ni, Màmá."

Mo rò pé àpéjọ ló ń kán an lójú. Mo dojú kọ kọ́nà. Ó dákẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé. Alángbá kan ń gbọn orí lára àpáta. Ooru ń ti ara òkúta bọ̀ wá sínú ọkọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tó ń ta kẹ́n-kẹ́n bó ṣe ń tutù. Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó.

Tírélà dé.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó yọ láti kọ́nà, sìmẹ́ńtì kún ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mo ní "Jésù." Ó rọra ń bọ̀. Bíréèkì rẹ̀ ń mí bí màlúù. Dírẹ́bà rẹ̀ na ọwọ́ sí wa, ó kí wa, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àkùngbá láìfọwọ́kan ewé kan lára igi.

"Ṣé ká lè kí onísìmẹ́ńtì la ṣe dúró?" ni Ìyá Ezekiel wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Omi dà lójú mi. Mo ní ewu ti kọjá. Síbẹ̀ mi ò ṣíná. Mo tún dúró díẹ̀ sí i, kí ó lè dá mi lójú pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú sí i.

Orí rẹ̀ fara ti férémù fèrèsé. Gèlè funfun ti yẹ̀, ó bo ojú rẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi, ó ṣì gbóná, mi ò sì mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀.

Mo sáré lọ sí Ọ̀kà bí mi ò ṣe sáré rí, lójú kọ̀ǹpútà tàbí lórí ilẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Mo bi í bóyá nǹkan ìbá yàtọ̀, ká ní a ti tètè dé. Ó wo ilẹ̀. "Bóyá," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bóyá kò sì ní yàtọ̀, sà."

Mo ti yí i lọ, mo ti yí i bọ̀. Òjìji náà kò purọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ mi dúró sí, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ kan ti kú nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa ṣe ló fi hàn mí, kò fi ohun tó fà á hàn mí. Ká ní mi ò rí i ńkọ́, ṣé ǹ bá dúró? Ká ní mi ò dúró ńkọ́? Bí mo bá dé ibí yìí nínú ọ̀rọ̀ náà, Sẹ̀gilọlá máa ń gbé ọwọ́ lé ẹnu mi. "Màmá ní kí ẹ ṣí fèrèsé," ó máa ń wí, "ẹ sì ṣí i fún wọn. Ẹ di èyí mú." Mo ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ṣí i láìwò ó.

Àjọwá, ìlú rẹ̀, la sin ín sí. Pásítọ̀ Zachariah ní kí wọ́n gbé òun wá. Létí ibojì, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú mi, ó dì í mú.

Nígbà tí àlejò tán nílé, mo wọ yàrá lọ láti tú sitíárì náà kúrò lára tábìlì. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń wọlé. Ìjókòó Màmá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó mú mi jókòó. Bóyá mo fẹ́ kọjá Àpáta Abuké lẹ́ẹ̀kan sí i láìdúró.

Ọ̀nà ṣófo níwájú mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọ̀dà àti igi máńgòrò. Àyà mi fúyẹ́. Mo ń lọ. Mo kọjá Àkùngbá. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ojú sókè wo dígí kékeré tó ń fi ẹ̀yìn han awakọ̀.

Ó wà lẹ́yìn mi. Funfun, bí èéfín, ó sún mọ́ mi pẹ́kípẹ́kí. Mi ò lè rí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, nítorí pé ó tan iná, ó pa á, ó tún tan án. Gbogbo awakọ̀ ọ̀nà wa ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn: yà fún mi, mo fẹ́ kọjá síwájú.

Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Mo nu sitíárì náà, mo dì í sínú àpò, mo gbé e padà sórí àjà. Òróró ṣì ń ti ara àpò rin jáde. Ó ti ṣe àmì roboto sí sílíǹgì.

Mo ti padà sórí àdúrà àárọ̀ mi. Mo máa ń gbé orí lé sitíárì kí n tó ṣíná. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń ní, Olúwa, là mí lójú. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ń ní, Olúwa, Ìwọ ni kó o máa wo iwájú. Kọ́ mi láti máa wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Success ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀kà ni, nítorí náà òun ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí oòrùn sì ti là dáadáa, ó yíra padà lórí ìjókòó, ó wo ẹ̀yìn.

"Dádì, ẹ wo ọkọ̀ funfun yẹn. Ó ń tanná sí wa. Ó fẹ́ kọjá."

Mi ò wo dígí. Mo wo ojú ọmọ mi, mo wò ó dáadáa, mo sì di àárín ọ̀nà mú.